Mo Ń Pẹja Lórí Yìnyín, Wọ́n Ń Ṣọ̀fọ̀ Nílé

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìyàwó mi gé irun ẹ̀yìn ọrùn mi. Ó ní kí n jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó ta tówẹ̀lì sí mi léjìká, ó sì mú sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú. "Ẹ má mi orí," ó wí. "Fìlà òtútù yẹn ò ní jókòó dáadáa bí igbó yìí bá ṣì wà níbẹ̀." Nígbà tó parí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́rùn, ó gbá irun náà jọ, ó padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà. A jẹun, a wo ìròyìn, a gbàdúrà, a sùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí, láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Àìkú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó mi kú nínú ilé wa ní Oldham, lẹ́bàá Manchester. Àwọn ọmọ mi mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Èmi kò mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láàrin ìgbà náà, wọ́n mú mi lọ síbi ọdún ìpẹja kan lórí adágún dídì ní Finland, wọ́n ra sọ́sééjì fún mi, wọ́n sì ya fọ́tò mi. Ọdún ti gorí ọdún kí n tó lè kọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni takisí dé, nítorí tíráàmù kò tíì jáde ní wákàtí yẹn. Ìyàwó mi bá mi dé ẹnu ọ̀nà, ó wọ súwẹ́tà mi lé aṣọ ìsùn rẹ̀. Morẹ́nikẹ́, àkọ́bí wa, tó ń gbé ní Finland pẹ̀lú Ṣẹ́gun ọkọ rẹ̀, ló ránṣẹ́ pè wá. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló fẹ́ rà, ìyá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó tún ní, "Pétérù Àpọ́sítélì rìn lórí omi, ó rì. Kí wá ni tèmi? Ẹ lọ wò ó wá, kí ẹ wá ròyìn fún mi."

Awakọ̀ takisí náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ ti Pakistan wá. Ó bi mí níbi tí mò ń lọ.

"Finland," mo wí.

"Nínú oṣù kejì? Bàbá, àwọn èèyàn ń sá fún òtútù, ẹ̀yin ń sáré lọ bá a! Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ pẹja."

Ó rẹ́rìn-ín títí a fi bọ́ sí òpópó ńlá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ẹja ní Rochdale. Ẹ ò nílò páásípọ́ọ̀tù kí ẹ tó débẹ̀." Pọ́n-ùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló gbà dé pápákọ̀ òfuurufú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ń kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀ nítorí pé òun ni mo rí rín láìsí irọ́ nínú rẹ̀ ní gbogbo ìrìn àjò náà, àfi ti alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàálù náà kò lò ju wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Aago wọn fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. Láti pápákọ̀, Ṣẹ́gun mú mi wọ rélùwéè fún bíi wákàtí méjì mìíràn. Rélùwéè náà mọ́, ó gbéra ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára pátákó, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní Oldham, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì á pè ọ́ ní olólùfẹ́ láìmọ orúkọ rẹ. Ní Finland, o lè jókòó ti èèyàn láti ìlú dé ìlú kó má wo ojú rẹ. Níta fèrèsé, igi àti sìnóò, igi àti sìnóò. Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nídìí ilé wọn, mo rí ata rodo mẹ́fà nínú ọ̀rá kékeré ní yúrò mẹ́ta. Mo ní màá sọ ọ́ fún ìyá Morẹ́nikẹ́, kó lè pariwo.

Mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì pariwo lóòótọ́. "Yúrò mẹ́ta! Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni?" Ó béèrè bóyá òtútù ti gbé mi lọ. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fi ọtí sínú kọfí mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibo lẹ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé sí?"

"Ó wà lórí fíríìjì."

"Ẹn-ẹ́n, mo ti rí i. Ó dàárọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ṣẹ́gun mú mi lọ sí ọjà wọn, èyí tó wà nínú ilé nítorí òtútù. Nígbà tí a padà ní ọ̀sán, Morẹ́nikẹ́ wà nínú balùwẹ̀, omi ń dà, omi ń dà. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ata ló ta sí òun lójú. Tòní, ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún méje, kò sí nílé. Wọ́n ní ikọ́ ń ṣe é, pé ó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò kí n má baà kó o. Mo ní ikọ́ ọmọdé kò lè pa mí. Lónìí mo mọ̀ pé ọmọ náà kò lè purọ́ ni wọ́n ṣe gbé e kúrò lójú mi.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni pé Kọ́lá, àbíkẹ́yìn wa, tó ń gbé ní Salford Quays, pe ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kò gbé e. Ó wọ tíráàmù wá, ó sì bá a nílẹ̀ ilé ìdáná. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kọ́lá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́yìn náà ó pe pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ ló ní kí wọ́n má sọ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní mo wà nílẹ̀ àjèjì, ó ní a kì í túfọ̀ fún àgbàlagbà lórí ìrìn. Ó ní kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti ṣe, kí n má baà fura. Bí wọ́n ṣe fi mí sọ́wọ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wakọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ sí adágún náà. Ẹ fojú inú wo ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n bí mi sí, kí ó di kọnkéré láti èbúté dé òdìkejì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ta àgọ́ sí i, iná ń jó lórí yìnyín, yìnyín náà kò sì yọ́. Wọ́n wọn ọ̀kan nínú ihò tí wọ́n ń lu sínú yìnyín láti pẹja fún mi: láti orí ìka mi dé ìgúnpá ni yìnyín náà nípọn tó. Nígbà mìíràn ó máa ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ṣẹ́gun ní kí n má bẹ̀rù, pé ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí n bẹ̀rù.

Pilkki ni orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìpẹja yìí. Ẹni tó bá fẹ́ díje á san yúrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọdé kì í san nǹkan kan. Kaira ni wọ́n fi ń lu ihò, irin gígùn tó lọ́ bí ìlu káfíńtà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì yí. Ọ̀pá ìpẹja wọn kò ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ ní gígùn. Ìdin ni oúnjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀. Wọ́n sì ń tọ́jú ìdin náà sínú páálí kékeré ní àpò àyà, kó má baà dì. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, gbogbo wọn gbéra lójijì, àgbà àti èwe, wọ́n ń sáré lórí yìnyín pẹ̀lú irin léjìká, kí oníkálukú lè mú ibi tó wù ú. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sórí àpótí kéékèèké, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà yà mí lẹ́nu. Ní Ẹ̀pẹ́, bí a bá ń fa àwọ̀n, orin la fi ń fà á, èébú la sì fi ń pín in. Níbí, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wojú ihò, oníkálukú bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ.

Bàbá kan tó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ jókòó lẹ́bàá ihò mi. Ó rí i pé mi ò mọ nǹkan kan, ó sì fún mi ní ìdin márùn-ún nínú tirẹ̀. Mo sọ kiitos, ìyẹn ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó bi mí pé ìyàwó mi ńkọ́. Mo ní ó wà nílé, ó ń sinmi.

"Tèmi ti kú," ó wí. "Nígbà ìwọ́wé." Ó fa okùn rẹ̀ sókè, ó wo ìwọ̀, ó tún jù ú padà sínú omi.

Ọ̀rọ̀ náà bà mí láyà, bó ṣe já a lulẹ̀ bí òkúta. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ gbé kọfí wá, mo yíjú sí i, mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Mo ní, "Àwọn èèyàn yìí ò mọ bí a ṣe ń túfọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń pa á mọ́ra títí ara ẹni á fi gbà á."

Ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

Èmi ni mo sọ ọ́, láti ẹnu ara mi. Mi ò lè pa á rẹ́ nínú ìròyìn yìí.

Ní ọ̀sán, a jẹ makkara, sọ́sééjì ńlá tí wọ́n sun lórí igi, yúrò mẹ́ta ààbọ̀, pẹ̀lú músítáàdì dídùn. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ìyá wọn. Morẹ́nikẹ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí adágún. Ọkùnrin kan ń bẹ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí wa, ó ń pariwo sínú fóònù tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Mo gbọ́ ọ. Mi ò fura, nítorí ọmọ mi ló sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí ni ẹja fa okùn mi. Ahven ni wọ́n ń pè é, ẹja kékeré tí ìlà dúdú wà lára rẹ̀, tí lẹbẹ rẹ̀ pupa. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé ẹja náà sókè bí ẹni tó pa ẹkùn. Ṣẹ́gun ya fọ́tò mi, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ibòmíràn, ó ní atẹ́gùn wọ òun lójú.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín," mo wí. "Ẹ ní Pétérù ò rì."

Morẹ́nikẹ́ tẹ fóònù rẹ̀. "Mo ti fi ránṣẹ́."

Nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo bi í pé, "Ó ti fèsì?"

Ó ní, "Ó ti fèsì. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, pé kí ẹ gbé ẹja náà bọ̀."

Mo lè gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo lè gbàgbé ata tó ta sójú àti ikọ́ Tòní. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti wà nínú ilé òkú láti àná, Morẹ́nikẹ́ sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu fún mi. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Mo tún un sọ fún Ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì kí a tó délé. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi kò sọ, mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí oúnjẹ tó yó ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ní gbogbo àwọn ló ń bá mi lọ sí Manchester, kí àwọn lè kí Màmá lójijì. Inú mi tún dùn. Mo ní ó yẹ kí ẹ ti sọ, kó lè se ìrẹsì tó pọ̀. Nínú bàálù, Tòní jókòó sí ìdí fèrèsé, ìyá rẹ̀ sì jókòó sáàárín wa bí ọlọ́pàá. Kọ́lá wá pàdé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ pápákọ̀, ohun tí kò ṣe fún mi láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì. Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé o ti já tíráàmù gbà ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò mi, a sì forí lé Oldham.

Bàtà ló sọ fún mi. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, bàtà kún ọ̀ọ̀dẹ̀ wa tóóró dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, bàtà ọkùnrin àti ti obìnrin, gbogbo rẹ̀ dúdú. Àwọn àgbà ìjọ wà ní pálọ̀. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Pásítọ̀ mú mi lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà tó gùn. Ó dúpẹ́ fún ìrìn àjò. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Ó ń sún mọ́ Jóòbù nígbà tí mo dá a lẹ́kun.

"Ọjọ́ wo?"

"Dádì, ẹ fara balẹ̀. Olúwa ló fún ni..."

"Mo ní ọjọ́ wo ni."

"Ọjọ́ Ẹtì, sà."

Mo ka ọjọ́ náà padà nínú mi. Ọjọ́ Ẹtì, ọjà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, sọ́sééjì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ gbé ẹja náà bọ̀. Mo bi wọ́n pé ibo ló wà. Wọ́n ní ó wà ní mọ́ṣúárì, pé mo lè rí i lọ́jọ́ Ajé. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ ti rí i? Wọ́n ní àwọn ti rí i. Gbogbo ìjọ ti rí ìyàwó mi. Àwọn tó ń tún àga tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti sunkún rẹ̀ tán, èmi nìkan ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Mo ní kí wọ́n jáde kúrò nínú ilé mi. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ máa gbàdúrà. Mo tún un sọ, wọ́n sì wá bàtà wọn.

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lórí yìnyín, Dádì. Ẹ ní bó ṣe yẹ ká máa ṣe é nìyẹn. Mo fẹ́ sọ fún yín lẹ́nu ihò yẹn gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ló pa mí lẹ́nu mọ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ìbínú náà le sí i, nítorí mi ò rí ẹlòmíràn dà á lé lórí tán. Ó tún rán mi létí ohun tí ọmọ náà kò mọ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester yìí, bàbá ìyàwó mi kú ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ mi ni lẹ́tà náà bọ́ sí. Ìdánwò ìyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fi lẹ́tà náà sáàárín ìwé mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń bá a rìn, mo ń bá a jẹun, mo ń dáhùn bó bá ní òun ń retí lẹ́tà láti ilé. Nígbà tí mo túfọ̀ fún un, ó sunkún tán, ó wá bi mí pé, "Ta ló ní kí ẹ bá mi yan ọjọ́ tí màá sunkún?" Mo rò pé ìbànújẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, pé bó bá yá, á dúpẹ́. Kò dúpẹ́ rí. Ó kàn dákẹ́ lórí rẹ̀, fún gbogbo ọdún tó kù.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyí, kò sì pọ̀: ẹni tó bá pa ikú mọ́ fún èèyàn kò gbé ẹrù kankan fún un. Ó jí i gbé ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ rí i. Èyí kì í ṣe ti ẹ̀yin òǹkàwé. Nígbà tí a padà délé ní ọ̀sán, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ìbarà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń gbé ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta. Kọ́lá ní wọ́n ti sọ fún un pé ara àbúrò rẹ̀ ò yá díẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi mú ọjọ́ ìsìnkú.

Mo kọjá lára wọn, mo jáde. Mo ra káàdì fóònù pọ́n-ùn márùn-ún ní ṣọ́ọ̀bù ìkángun òpópó wa. Ìyàwó mi ló máa ń tẹ nọ́ńbà ilé. Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí láti ọdún tí a ti fẹ́ ara wa. Mo gun òkè lọ sí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo mú ìwé kékeré tó ń kọ nọ́ńbà sí. Mo tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dún, ó dún, Ẹ̀gbọ́n Ìbarà gbé e, mo sì kí i.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́! Ẹ káàsán o. Wọ́n ní ara àbúrò mi ò yá. Ẹ fún un ní fóònù, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Ó ti kú. Ọjọ́ Ẹtì ni, nílé ìdáná. Mi ò sí nílé."

Mo gbọ́ adìyẹ nínú àgbàlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ké, "Àmọ̀kẹ́!", orúkọ tí bàbá wọn máa ń pè é, fóònù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbé e, ohùn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ń bínú.

"Dádì, kí lẹ sọ fún Màmá? A ti ní kí ẹnikẹ́ni má..."

"Òótọ́ ni mo sọ fún un," mo wí. "Gbé fóònù náà padà sí i létí."

Ó gbé e padà. Mi ò sọ ìtùnú kankan. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀, títí káàdì náà fi tán.